Ẹ Bi Bàbá Wáàfù: Ogun Kọ́ o, Ìdánrawò Ni, Àmọ́ Ẹrù Ibẹ̀ Kì í Ṣe Kékeré

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú ìwé ìròyìn tó kọjá mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan ni, mo ní gbogbo wàhálà tí àwa tá a ṣe kíláárìn ní Apápá rí lórí ẹrù, àwọn ológun náà ń rí i, torí ṣọ́jà tí ẹrù ẹ̀ ò tíì dé, arìnrìn-àjò lásán ni. Àfi bí ẹni pé mo fọwọ́ kan ilé agbọ́n. Lẹ́tà ń wọlé lórí ìdánrawò ogun, lórí rìsáàfù, ìyẹn àwọn tó níṣẹ́ tiwọn tí wọ́n tún ń ṣe ṣọ́jà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí NATO, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń gbèjà ara wọn, ẹnì kan tiẹ̀ bi mí ní ìbéèrè nípa oko iṣu. Mo ti gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹ jẹ́ ká máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wáàfù, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Peckham ni mo ń gbé ní London níbí. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, láìsọ fún mi ló lọ forúkọ sílẹ̀ ní Army Reserve. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i báyìí pé òun àtàwọn yòókù máa lọ Estonia fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wo máàpù, ẹ̀gbẹ́ Rọ́ṣíà gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mú ọmọ mi lọ sógun, tí wọ́n wá ń pè é ní ìdánrawò? Mi ò lè sùn. Màmá kan, Peckham.

ÈSÌ: Ẹ kú àìsùn o, Màmá. Èmi náà ní ọmọ lẹ́yìn odi, mo mọ bó ṣe máa ń rí tí ọmọ bá ṣe nǹkan láìsọ, kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó mú ti Rọ́ṣíà kún un.

Ẹ ní kó fi lẹ́tà yẹn hàn yín. Oríṣi méjì ló máa ń wá. Ọ̀kan ni ti kámpù ọlọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó wà lára ọjọ́ 27 tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn rìsáàfù ìlú ọba gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dún kí wọ́n tó gba owó tí wọ́n ń pè ní bounty. Èkejì ni mobilisation, ìyẹn ló le, òun ni ìjọba fi ń fi òfin pe èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun gangan. Tí lẹ́tà bá ti sọ ọ̀sẹ̀ méjì, tó dárúkọ ìdánrawò, ti àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ lọ jẹun.

Ìdí tó fi jẹ́ Estonia ni pé àwọn ṣọ́jà ìlú ọba ti wà níbẹ̀ láti 2017, àwọn ni wọ́n ń léwájú ẹgbẹ́ ọmọ ogun NATO tó wà lọ́hùn-ún. Estonia ọ̀hún, gbogbo èèyàn inú ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan lé díẹ̀, bóyá ni wọ́n pọ̀ tó àwọn tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ wa, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ṣọ́jà aláṣelówó oṣù tó máa tó? Rìsáàfù ni wọ́n gbójú lé. Ọ̀dọ́kùnrin á fi oṣù díẹ̀ ṣe ṣọ́jà, á padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ò kúrò nínú ìwé. Lọ́dọọdún nígbà ìrúwé wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò kan tó ń jẹ́ Kevadtorm, ìyẹn ìjì ìgbà ìrúwé. Ní 2015 wọ́n ṣe ńlá kan tí wọ́n pè ní Siil, orúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan tó jọ òòrẹ̀, nǹkan bíi 13,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní òmíì tó ń jẹ́ Okas, ìyẹn ò ní ọjọ́, ìjọba á kàn ṣàdédé kéde pé ẹ̀yin báyìí báyìí, ẹ kóra yín jọ, káfíńtà á ju ayùn sílẹ̀, tíṣà á fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù fi dé.

Ohun tí èmi máa fẹ́ kẹ́ ẹ bi ọmọ yẹn ni pé ṣé ọ̀gá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀? Nílùú ọba níbẹ̀, tó bá jẹ́ mobilisation, òfin wà láti 1985 tó ní kí wọ́n tọ́jú iṣẹ́ ẹ̀ dè é. Ti kámpù ò rí bẹ́ẹ̀, kò sófin tó fi dandan lé e pé kí ọ̀gá fún un láyè, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọjọ́ ìsinmi ara wọn lọ. Kó lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá ẹ̀ kó tó gun baalù o, kó má lọ bọ́ lọ́wọ́ ẹtù kó wá kó sọ́wọ́ manija.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mò ń kọ́ History ní yunifásítì, Òṣogbo nilé wa. Lẹ́kíṣọ̀ wa dárúkọ nǹkan kan tó ń jẹ́ REFORGER, ó sáré kọjá lórí ẹ̀. Èyí tí ò yé mi ni pé kí ló dé tí Amẹ́ríkà kó ṣọ́jà kúrò ní Jámánì, tí wọ́n tún wá ń kó wọn padà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún? Ṣé kò rọrùn kí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ ni?

ÈSÌ: Ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa nìyí, àti pé REFORGER ni bàbá gbogbo àwọn ìdánrawò tí wọ́n ń ṣe lónìí, lẹ́kíṣọ̀ yín ò bá má sáré.

Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni ìpadàbọ̀ àwọn ọmọ ogun sí Jámánì. Owó ló fà á, òṣèlú náà bá a dọ́gba. Láàárín 1966 sí 1967, Amẹ́ríkà, ìlú ọba àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ń ṣèpàdé lórí ta ló máa máa gbọ́ bùkátà àwọn ṣọ́jà tó wà ní Jámánì, ogun Vietnam ń jẹ owó ní apá kan, ní Washington sẹ́nétọ̀ kan tó ń jẹ́ Mike Mansfield ń pariwo pé kí wọ́n dín àwọn ọmọ tó wà ní Yúróòpù kù. Wọ́n wá fẹnu kò sórí nǹkan tó jọ bí a ṣe ń ṣe nínú ẹbí: o lè máa gbé Èkó o, kò burú, àmọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, o gbọ́dọ̀ débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Division ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá, brigade ni ẹ̀ka ẹ̀. Ní 1968 brigade méjì lára 24th Infantry Division ti Amẹ́ríkà padà sí Fort Riley ní Kansas. Oṣù August ọdún yẹn gan-an ni Soviet kó táǹkì wọ Czechoslovakia, ẹ wo àsìkò! Ní January 1969 wọ́n ṣe REFORGER àkọ́kọ́, nǹkan bíi 12,000 ṣọ́jà ló fò kúrò ní Amẹ́ríkà lọ bá àwọn tó kù ní Jámánì.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní October 1963 wọ́n ti ṣe kiní kan tí wọ́n pè ní Big Lift, wọ́n fi baalù gbé nǹkan bíi 15,000 ṣọ́jà ti 2nd Armored Division láti Texas dé Jámánì láàárín wákàtí 63. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, armored division, ìyẹn àwọn alátáǹkì, ṣé baalù ló gbé táǹkì wọn ni? Rárá o. Táǹkì ti wà ní Jámánì tẹ́lẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí, èèyàn lásán ni wọ́n gbé.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyẹn. Wọ́n ń pe àwọn ilé ìkẹ́rùsí yẹn ní POMCUS. Nígbà tó yá ó kúrò ní Jámánì nìkan, ó dé Nẹ́dálándì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Luxembourg. Wọn kì í kàn kó ẹrù jọ gègèrè o, wọ́n tò ó ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tí kọ́ḿpìnì ṣọ́jà kan bá fi máa balẹ̀, táǹkì tiwọn, ọkọ̀ tiwọn, rédíò tiwọn, gbogbo ẹ̀ wà lójú kan tó ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó kọ́lé sílùú ẹ̀ tó ń gbé Èkó mọ ohun tí mò ń sọ: bẹ́ẹ̀dì wà ńbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà ńbẹ̀, báàgì kékeré lo máa gbé lọ. Àmọ́ ẹni yẹn náà ló mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ tó ti jókòó láti Kérésì sí Kérésì kì í jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì á ti kú, ọ́ìlì á ti jò, rọ́bà á ti gbẹ. Ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi ń ṣe REFORGER lọ́dọọdún nìyẹn, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ẹrù kí wọ́n wò ó bóyá yóò stáàtì.

Láti nǹkan bíi 1978 wọ́n ti wá gbé ìlérí kan kalẹ̀ pé tí ogun bá bẹ́, Amẹ́ríkà á ní division mẹ́wàá ní Yúróòpù láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìlérí ńlá! Ní September 1988 wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní Certain Challenge, nǹkan bíi 125,000 èèyàn, wọ́n ní irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí. Ògiri Berlin wó ní November 1989, ni ti January 1990 bá di ti kọ̀ǹpútà, wọ́n dín táǹkì kù, àwọn ọ̀gá ń fi ẹ̀rọ ja ogun nínú yàrá. Èyí tó kẹ́yìn wáyé ní 1993.

Ohun tó dùn mọ́ èmi jù nínú ìtàn yìí ni pé ogun tí wọ́n ń múra ẹ̀ láti 1969 ò ṣẹlẹ̀. Dípò ẹ̀, Saddam Hussein ti Iraq wọ Kuwait ní 1990, VII Corps, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ńlá kan tó wà ní Jámánì, ní láti kó gbogbo ẹrù ẹ̀ lọ Saudi Arabia. Ibo ni wọ́n gbà? Bremerhaven, Rotterdam, Antwerp, àwọn wáàfù tí wọ́n ti ń gbà wọlé nínú ìdánrawò, wọ́n kàn yí orí ọkọ̀ padà ni. Ọ̀nà réluwé tí wọ́n mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù tí wọ́n mọ̀, ìwé tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Kọ ìyẹn sínú èsé rẹ, bí lẹ́kíṣọ̀ bá bi ọ́ níbi tó o ti rí i, sọ pé bàbá kan ní wáàfù ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú làákàyè. Event planner ni mí ní Bódìjà, Ìbàdàn. Èmi tí mo ń ṣe òkú fún ẹgbẹ̀rún èèyàn mélòó kan, orí máa ń fọ́ mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń plan èyí tó jẹ́ 90,000 èèyàn láti orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgbọ̀n?

ÈSÌ: Àǹtí mi, ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́. Steadfast Defender, ìdánrawò NATO, lo ń sọ, láti January sí May 2024, nǹkan bíi 90,000 ṣọ́jà, orílẹ̀-èdè NATO mọ́kànlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú Sweden tó wá di ọmọ ẹgbẹ́ ní March ọdún yẹn gan-an. Ọkọ̀ ogun ojú omi lé ní 50, ọkọ̀ ìjà orí ilẹ̀ lé ní 1,100. Jẹ́nẹ́rà Christopher Cavoli ni ọ̀gá pátápátá nígbà yẹn.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi tìẹ náà. Tí òkú bá jẹ́ Friday, o ti mọ̀ pé màlúù gbọ́dọ̀ wọlé Wednesday, kánópì Thursday. Àwọn náà á mú ọjọ́ tí ṣọ́jà gbọ́dọ̀ wà lójú pápá, wọ́n á máa kà á bọ̀ sẹ́yìn: ọjọ́ mélòó ni réluwé, ọjọ́ mélòó ní wáàfù, ọjọ́ mélòó lórí òkun, ìgbà wo ni ẹrù gbọ́dọ̀ kúrò ní bárékè. Ọdún kan, ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú, wọ́n ti ń ṣèpàdé, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á sọ iye èèyàn tó fẹ́ mú wá, tó bá di ìpàdé àárín ìdajì wọn á ti yí ohùn padà, o mọ bí aláṣọ ẹbí ṣe máa ń ṣe.

Apá kan wọn ló ń kọ eré. Wọ́n á dá orílẹ̀-èdè ọ̀tá sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan, láyé REFORGER wọ́n máa ń fi àwọ̀ pè wọ́n, búlúù ń bá àwọ̀ ọsàn jà. Wọ́n á kọ ìwé gígùn kan tí gbogbo wàhálà wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú wákàtí ẹ̀: aago méjì òru Tuesday, ẹ sọ fún wọn pé bíríìjì yẹn ti já, aago mẹ́fà, ẹ sọ pé ọ̀gá wọn ti kú. Bíríìjì wà níbẹ̀ o, ọ̀gá náà ń mu kọfí, àmọ́ ọ̀fíísà kejì ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́. Àwọn rẹfirí wà tó ń pinnu ta ló kú àti táǹkì wo ló jóná. Ìbẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Startex, òpin ń jẹ́ Endex, kò sí ọ̀rọ̀ tí ṣọ́jà fẹ́ràn tó Endex láyé.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ti eré yẹn sí. Ibi tí mo gbà pé iṣẹ́ wà ni kí èèyàn àti ẹrù pàdé. Ṣọ́jà fi baalù dé láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹrù ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ṣì ń bọ̀, níbo ló máa sùn, kí ló máa jẹ, ta ló máa fi bọ́ọ̀sì gbé e? Tí ẹrù bá dé, táǹkì Abrams lé ní tọ́ọ̀nù 60, kì í ṣe gbogbo bíríìjì ló lè gbé e. Láyé Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn wọ́n kan páálí yẹ́lò roboto mọ́ ẹ̀gbẹ́ bíríìjì, ó ya táǹkì, ó kọ iye tó lè gbé, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Tí o bá tún fẹ́ gbé e lọ sí Estonia, ojú irin ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ 1,435 mm, ti ọ̀hún jẹ́ 1,520 mm torí Rọ́ṣíà ló fi sílẹ̀ fún wọn, o ní láti já ẹrù kúrò lórí wágọ́ọ̀nù kan sórí òmíì. Kọ́sítọ́ọ̀mù náà ń bẹ o! Ẹrù ológun ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, Form 302, tí o bá ṣì í kọ, ìlà ni wà á tò bíi tèmi. Wọ́n ti dá ọ́fíìsì ńlá kan sílẹ̀ ní Ulm ní Jámánì tó jẹ́ pé lára iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rí sí i pé ẹrù kọjá nílẹ̀ Yúróòpù.

Àwọn onílé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ní 1982 Amẹ́ríkà àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn buwọ́ lùwé pé tí ogun bá dé, Jámánì á pe nǹkan bíi 93,000 rìsáàfù tiwọn láti máa gbé ẹrù, láti máa ṣọ́ ilé epo, láti máa gbé àwọn tó fara pa fún ṣọ́jà Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí i pé rìsáàfù kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà gan-an, púpọ̀ nínú àwọn tó ń tú ọkọ̀ ojú omi, tó ń wa tírélà epo, inú rìsáàfù àti National Guard, ìyẹn ọmọ ogun ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀, ni wọ́n wà, ọ̀pọ̀ ló sọ pé wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Vietnam pé kí ìjọba má lè lọ sógun ńlá láìpe àwọn ará ilé. Ìdí nìyẹn tí ìdánrawò ńlá tí kò bá ní rìsáàfù nínú ò fi tọ́ sí orúkọ yẹn lójú tèmi. Ṣọ́jà gidi mọ̀ ọ́n yìn. Awakọ̀ tírélà tó ń ṣe é lópin ọ̀sẹ̀, ṣé ó rántí bí wọ́n ṣe ń wa kọ́ńfọ́ì, ọkọ̀ tó tò tẹ̀ léra, lóru láìtanná? Eyín ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ rìsáàfù ni eyín tí wọn ò tọ́jú máa ń dá dúró nílé.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wáàfù, ẹ má bínú o, Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Àṣehàn lásán ni gbogbo eléyìí. Rọ́ṣíà náà sọ pé ìdánrawò lòun ń ṣe, ṣe ló wọ Ukraine. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa.

ÈSÌ: Mi ò bínú. Òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ. Láti ọjọ́ kẹwàá sí ogúnjọ́ oṣù February 2022, Rọ́ṣíà àti Belarus ń ṣe ìdánrawò, nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, ogun. Ìdánrawò ni aṣọ tó dáa jù tí èèyàn lè fi bo ogun mọ́lẹ̀, torí nǹkan kan náà ni ojú ń rí: táǹkì lórí wágọ́ọ̀nù, ṣọ́jà nínú tẹ́ǹtì. Àwọn tó gbọ́n ń wo àwọn nǹkan tí ìdánrawò ò nílò, irú bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó fún ọsibítù.

Àmọ́ torí pé gbogbo èèyàn mọ ewu yìí ni wọ́n fi ṣòfin lé e. Ní Helsinki lọ́dún 1975 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Soviet gbà pé tí ìdánrawò bá ju 25,000 èèyàn lọ, kí wọ́n sọ fún ara wọn ní ọjọ́ 21 ṣáájú. Ní Stockholm ní 1986 wọ́n fún un le: láti 13,000 èèyàn tàbí 300 táǹkì, ọjọ́ 42 ṣáájú, tó bá sì tó 17,000, kẹ́ ẹ pe ọ̀tá yín wá wòran. Àwọn ọ̀fíísà Soviet ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní Jámánì wọ́n ń wo ṣọ́jà Amẹ́ríkà! Ẹ̀rù ọ̀hún ò kéré: ní November 1983, NATO ń ṣe Able Archer, ìdánrawò bí wọ́n ṣe máa tú bọ́ǹbù átọ́míìkì sílẹ̀, ìwé àti rédíò lásán ni, àmọ́ Soviet fura débi pé wọ́n fi àwọn baalù ogun kan sí ipò ìmúrasílẹ̀.

Nítorí náà àṣehàn ni, mo gbà, tí ọ̀tá ò bá rí i kò wúlò. Ta ló ń ná lábẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè é ní olówó? Àmọ́ kì í ṣe àṣehàn lásán. Ní 2020 Amẹ́ríkà fẹ́ kó 20,000 ṣọ́jà kọjá òkun fún ìdánrawò tó ń jẹ́ Defender-Europe, Kòrónà dé ní March, wọ́n dá a dúró nígbà tí nǹkan bíi 6,000 ti débẹ̀. Wọn ò rí ariwo kankan fi ṣe, àmọ́ wọ́n ti mọ wáàfù tó yá àti wáàfù tó ń fà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀ sà. Àgbẹ̀ ni mí ní Ṣakí. Tí táǹkì bá gba inú oko iṣu èèyàn kọjá níbi ìdánrawò yìí, ta ló ń sanwó?

ÈSÌ: Mo ti ń retí ìbéèrè yìí láti ọdún wo! Wọ́n ń sanwó o. Láyé REFORGER, oko olóko, ìgboro àwọn èèyàn ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe pápá ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tẹ̀ lé táǹkì kiri láti kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, ọgbà, kọ́bù títì, igi èso. Àdéhùn NATO ti 1951 ní tí ṣọ́jà àlejò nìkan ló jẹ̀bi, orílẹ̀-èdè tó ni ṣọ́jà á san 75 nínú ọgọ́rùn-ún, onílé á san 25 tó kù. Ìgbà òtútù ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà míì torí ilẹ̀ tó dì bíi òkúta kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, àmọ́ ní January 1985 òtútù mú títí, yìnyín tún wá yọ́, gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀, táǹkì bá ń tú oko bíi ẹlẹ́dẹ̀. Owó gba ẹ̀. Ó ti wà nínú ìtàn pé àgbẹ̀ kan ń gbàdúrà kí táǹkì gba ilẹ̀ òun, àmọ́ mi ò mọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ẹ má ṣe irú àdúrà yẹn ní Ṣakí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, Houston ni mo wà, nọ́ọ̀sì ni mí, green card ni mo ní. Ṣé mo lè wọ National Guard? Ṣé iṣẹ́ mi ò ní bọ́?

ÈSÌ: O lè wọ̀ ọ́, green card tó, iṣẹ́ tó bá nílò clearance, ìyẹn àṣẹ láti mọ àṣírí ìjọba, nìkan ni wọn ò ní fún ọ, torí o ò tíì di ọmọ ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni tí o bá fẹ́ jẹ́ ọ̀fíísà. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Gómìnà lè pè yín fún ìkún omi, ààrẹ lè pè yín fún ogun, Army Reserve ní tiẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ín. Ní ti iṣẹ́ rẹ, ìwọ ṣe oríire ju ọmọ Màmá Peckham lọ, òfin USERRA ti 1994 bo kámpù náà, ọsibítù rẹ ò lè lé ọ torí ẹ̀. Ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, Kétu ní Benin ni mo wà. Ṣé àwa ní Áfíríkà wa níbí ń ṣe irú ìdánrawò yìí?

ÈSÌ: Ẹ ǹlẹ́ ará Kétu. A ń ṣe é, ti kékeré ló pọ̀. Ní January 2023 ni wọ́n ṣe Obangame Express ní Èkó, ti ojú omi ni, torí àwọn olè Gulf of Guinea, ẹ̀yin Benin náà wà níbẹ̀. Àwọn National Guard Amẹ́ríkà tún ní ọ̀rẹ́ níbí, California ń bá Nàìjíríà ṣe láti 2006, North Dakota ló mú Benin àti Togo láti 2014.

Èyí tí a ò ní ni ilé ìkẹ́rùsí àti ọ̀nà. Ní August 1990 tí ECOMOG, ọmọ ogun àjùmọ̀ní ECOWAS, lọ Liberia, Freetown ni wọ́n ti kóra jọ, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wọ Monrovia ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ogun gidi ni wọ́n fi kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ nínú ìdánrawò. Ẹ tún wo August 2023, ìjọba ológun ti gba Niger ní July, àwọn ààrẹ ECOWAS jókòó ní Àbújá ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìmúrasílẹ̀ dìde, àwọn ọ̀gá ológun pàdé ní Accra, gbogbo ayé ń retí. Kò sẹ́ni tó gbéra. Òṣèlú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ lọ, èmi tí mo ṣe kíláárìn ṣáà ń rò ó ni: ilé ẹrù wo ni ọkọ̀ wà, bíríìjì wo ni wọ́n wọ̀n, ta ni onílé tó máa gbé epo? Division mẹ́wàá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ọdún mélòó ni wọ́n fi ń dán an wò ká tó gbọ́ ọ!

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wáàfù, ọmọ SS2 ni mí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti ṣe ṣọ́jà rí?

ÈSÌ: Rárá o, ọmọ dáadáa. Mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí n máa lọ sílé. Ìrírí kan ṣoṣo tí mo ní pẹ̀lú ẹrù ológun ni kọntéínà kan tí ilé iṣẹ́ kan gbé fún mi láti gbà jáde, tẹ́ńtì ṣọ́jà ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni akọ̀wé ṣì tẹ̀ nínú nọ́ńbà kọntéínà lórí ìwé, ó kọ U níbi tó yẹ kó kọ V. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni tẹ́ńtì yẹn fi sùn ní wáàfù. Lọ́jọ́ tí mo rí i gbà jáde, ọ̀fíísà tó wá gbé e bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ti parí kámpù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sùn sínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, lórí bẹ́ǹṣì.